Ohun Tó Ń Gé Òwú: Bí Mo Ṣe Fi Ayé Mi Tún Máṣìn Ìránṣọ Ṣe

Ojú mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Òun ló jẹ́ kí n gbé àpótí irinṣẹ́ mi sílẹ̀, kì í ṣe pé iṣẹ́ náà sú mi. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo iṣẹ́ tí ẹ ó yàn, ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi, ẹ máa ń bi mí bóyá èèyàn lè jẹun nídìí àtúnṣe máṣìn ìránṣọ. Mo jẹun nídìí rẹ̀, mo sì fi tọ́ ọmọ. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni ohun tí ojú òṣìṣẹ́ ń rí, àti ohun tí òṣìṣẹ́ lè fi ojú ẹlòmíì rí. Èyí èkejì ni àwọn ọ̀gá kì í sábà sọ fún ọmọ iṣẹ́.

Télọ̀ ni mí tẹ́lẹ̀. Erunmu ni mo ti ń ránṣọ lẹ́yìn tí mo gba fírídọ́ọ̀mù tán tí mo sì wọlé ọkọ. Máṣìn orí dúdú ẹlẹ́sẹ̀ kan, àlòkù, ni ọkọ mi rà fún mi. Kò pẹ́ sígbà náà ni Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tuntun tí ìjọba gbé kalẹ̀, dé, gbogbo nǹkan gbówó lórí, ẹni tó ń ra aṣọ tuntun sì di ẹni à ń wá. Aṣọ gbígbó ni wọ́n ń kó wá. Wọ́n á ní kí n bá wọn dín in, wọ́n á ní kí n fi ti bàbá rán ti ọmọ. Aṣọ tó ti gbó kì í fẹ́ kí á máa tú u. Bí ẹ bá tú ojú rírán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti ya nìyẹn. Máṣìn tèmi kò sì jẹ́ kí n sinmi títú aṣọ. Bí mo bá ti rán an lọ bí ìwọ̀n ìka mẹ́rin, òwú á dì jọ lábẹ́ aṣọ bí ìtẹ́ ẹyẹ.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń tún máṣìn ṣe ní gbogbo apá ọ̀dọ̀ wa nígbà náà, Bàbá Gàníyù. Àgbàlagbà tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn láti Erunmu dé Ẹgbẹ́dá, dé Lálúpọn, pẹ̀lú àpótí páànù kékeré kan lẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi retí wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọn kò tilẹ̀ ṣí àpótí. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kékeré tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ sókè, wọ́n fa òwú mi jáde, wọ́n tún un kì bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ní kí n rán an. Mo rán an, ó ń lọ geere. Mo fẹ́ sanwó, wọn kò gbà á.

Wọ́n ní, "Máṣìn rẹ kò ṣàìsàn. Ìwọ lò ń fi òwú sí i nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀."

Wọ́n wá fi abọ́ irin kékeré méjì tó ń fún òwú mọ́ra hàn mí. Bí ẹsẹ̀ máṣìn bá wà nílẹ̀, àwọn abọ́ méjèèjì á ti lẹ̀ mọ́ra, òwú kò ní wọ àárín wọn, etí wọn lásán ni yóò gùn. Kò ní sí ohun tó ń dá a dúró, gbogbo rẹ̀ á sì ya lọ sábẹ́. Bí òwú bá dì jọ lábẹ́ aṣọ, wọ́n ní òkè ni kí n lọ wò. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ránṣọ, ọ̀gá tó kọ́ mi ní iṣẹ́ télọ̀ kò sọ ìyẹn fún mi rí, bóyá àwọn náà kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n gbádùn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Gàníyù pé kí wọ́n kọ́ mi.

Wọn kò sọ pé obìnrin kì í ṣe é. Wọ́n kàn béèrè iye ọmọ tí mo bí. Mo ní méjì. Wọ́n béèrè ẹni tí yóò máa fún àwọn ọmọ náà lóúnjẹ nígbà tí mo bá wà ní Lálúpọn. Ìyá ọkọ mi tó bá mi wá ló dáhùn láti ẹ̀yìn mi pé, "Èmi ni." Bàbá Gàníyù wo ìyá náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n máa bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Bí wọ́n ṣe gbà mí síṣẹ́ nìyẹn.

Ọdún mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ wọn. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, wọn kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan súkúrù-diráfà. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré àti ìgò òróró ni iṣẹ́ mi. Èmi ni mo ń gbá ìdọ̀tí òwú tó ń kó sábẹ́ ilé bọ́bìnì, ìdọ̀tí tó máa ń rọ̀ bí irùngbọ̀n, tó sì ń mú máṣìn fo ojú rírán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán mi wò. Wọ́n á fi ọwọ́ ara wọn ba máṣìn kan jẹ́ nígbà tí mo bá yíjú, wọ́n á wá pè mí pé kí n sọ ohun tó ń ṣe é. Lọ́jọ́ kan wọ́n yí abẹ́rẹ́ padà, kí apá rẹ̀ tó pẹlẹbẹ má kọjú síbi tó yẹ. Lọ́jọ́ mìíràn wọ́n fi òwú tó ti jẹrà sí i, òwú tí oòrùn ojú fèrèsé ti pa kú, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ìka fà á lásán, ó já. Èmi á sì máa tú ìsàlẹ̀ kiri.

Wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn ní, "Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i."

Ìlànà tí wọ́n fi kọ́ mi ni pé kí n máa tọ òwú lẹ́yìn. Láti orí kẹ̀kẹ́ òwú ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí n máa bá a bọ̀ níbi gbogbo tó bá fara kàn, títí dé ojú abẹ́rẹ́, títí dé ihò irin pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ ń gún kọjá, títí dé ilé bọ́bìnì. Wọ́n ní kí n máa mú ẹ̀gbọ̀n òwú díẹ̀ dání, kí n fi nu gbogbo ibi wọ̀nyẹn. Níbi tí ẹ̀gbọ̀n náà bá ti há, ibẹ̀ ni irin ti hu eyín. Eyín kékeré bẹ́ẹ̀, tí ojú kò lè rí, ló ń gé òwú bí abẹ. Wọ́n tún kọ́ mi bí a ṣe ń fi òwú ìsàlẹ̀ gbé ilé bọ́bìnì kọ́ sí afẹ́fẹ́. Bí a bá jù ú sókè díẹ̀, ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní ìwọ̀n ìka kan kó sì dúró. Bó bá já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti dẹ̀ jù. Bí kò bá mira rárá, ó ti fún jù.

Lọ́dún kejì, a lọ sí ilé télọ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá. Òwú òkè ń já. Ọ̀gá mi ní kí n wò ó, pé àwọn ń lọ kírun. Télọ̀ náà káwọ́ gbera, ó dúró tì mí, ó ń wo ọwọ́ mi. Ojú tì mí láti máa fi ẹ̀gbọ̀n òwú nu irin bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣe. Mo mú súkúrù-diráfà, mo yí èyí, mo yí ìyẹn. Nígbà tí Bàbá Gàníyù dé, máṣìn náà kò tilẹ̀ rán nǹkankan mọ́. Wọ́n jókòó, wọ́n dá gbogbo ohun tí mo yí padà sípò rẹ̀, ó gbà wọ́n ní ìdajì ọjọ́. Àìsàn rẹ̀ gan-an kò ju abẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lọ.

Wọn kò bá mi wí lójú télọ̀. Nígbà tí a dé ìdí kẹ̀kẹ́, wọ́n ní kí n lọ sinmi nílé, pé ọwọ́ mi ti yá ju ojú mi lọ. Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo lò nílé. Ìyá ọkọ mi ló tún mú mi padà lọ bẹ̀ wọ́n. Bàbá Gàníyù ní ẹ̀bẹ̀ kọ́ ni àwọn ń fẹ́, àwọn fẹ́ gbọ́ ìdí tí mo fi mú súkúrù-diráfà. Mo ronú títí, mo ní torí pé télọ̀ náà ń wò mí ni.

Wọ́n ní, "Oníbàárà kọ́ lo lọ tún ṣe. Máṣìn ni."

Wọ́n gbà mí padà. Nígbà tí mo ṣe tán, wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n sì sọ fún gbogbo àwọn oníbàárà wọn pé bí àwọn kò bá rí àyè, kí wọ́n máa pè mí. Ọdún kejì sí i, wọ́n rọra kú lójú oorun. Gbogbo ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ wọn ń gbà wá já lé mi lórí, mo tún fi Akanran àti àwọn abúlé tó yí i ká kún un. Ẹsẹ̀ àti ọkọ̀ èrò ni tèmi. Ìyá Bọ́lá oní-máṣìn ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọkùnrin kan kọ́kọ́ ń wò mí bí ẹni tó ṣìnà wọlé wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí máṣìn wọn bá ń lọ, wọ́n á gbàgbé pé obìnrin ni mí.

Lásìkò yẹn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Òwú tó wà lára kẹ̀kẹ́ onígi kásẹ̀ nílẹ̀. Òwú ọ̀rá dé, tó wé mọ́ kóònù ńlá, tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì yi, tó jẹ́ pé bí kò bá já, á tẹ abẹ́rẹ́. Ní Ajibode, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gba yàrá sí, àwọn télọ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́tò oníná mọ́ máṣìn ẹlẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ èèyàn mọ ìgbà tí ó ń rẹ̀ ẹ́. Mọ́tò kò mọ̀ ọ́n. Irin tó hu eyín, tí máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ á rọra fara dà, máṣìn oníná á sọ ọ́ di ọ̀bẹ. Iṣẹ́ pọ̀, epo bẹntiróòlù sì wọ́n, ọkọ̀ ṣòro rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ibi tí ọ̀gá mi á fi ìdajì ọjọ́ jókòó sí, èmi á ti kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó yí ẹsẹ̀ padà. Àwọn èèyàn sì ń yìn mí pé ọwọ́ mi yá.

Ní ọ̀sẹ̀ kan tó kù sí dẹ̀dẹ̀ Iléyá, wọ́n ránṣẹ́ pè mí láti abúlé kan lẹ́yìn Akanran, pé máṣìn Ìyá Sìdí ń já òwú. Opó ni obìnrin yìí, ó jù mí lọ dáadáa. Ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ kòkó, ló ra máṣìn náà fún un kó tó kú, ó sì ti fi ọ̀bẹ kọ orúkọ ara rẹ̀, Àlàbí, sí ojú pákó máṣìn. Ìdí máṣìn yìí ni Ìyá Sìdí ti ń bọ́ ara rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, Sìdíkátù, tó wà ní ìwé karùn-ún nílé-ìwé girama, tí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀ sì ku ọdún kan. Aṣọ ọdún agbo ilé mẹ́ta ló wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn.

Awakọ̀ tó gbé mi lọ ní òun kò ní pẹ́ padà, pé epo tó wà nínú ọkọ̀ òun kò lè gbé òun lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí mo bá pẹ́ kí n wá ibi sùn. Mo jókòó ti máṣìn náà. Mo pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Mo fi òwú mìíràn sí i. Mo dẹ ìfúnpọ̀ òkè, mo tú ìsàlẹ̀, mo gbá a, mo fi òróró sí i. Òwú ṣì ń já. Awakọ̀ ń fun fèrè lójú títì. Ẹ̀gbọ̀n òwú wà nínú àpótí mi. N kò mú un jáde.

Mo dìde, mo ní, "Ìyá Sìdí, máṣìn yìí ti jẹ tán nínú. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i mọ́."

Ìyá náà bi mí pé, "Ìyá Bọ́lá, ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo ní ó dá mi lójú. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo sì sáré lọ bá ọkọ̀.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ lẹ́yìn náà, wọ́n kó àwọn aṣọ ọdún náà lọ fún télọ̀ ní Akanran, òmíràn gígé, òmíràn tí wọn kò tíì gé rárá. Kí oṣù náà tó parí, ọkùnrin kan tó ń ra àlòkù kiri abúlé gbé máṣìn náà lọ ní owó táṣẹ́rẹ́, torí pé máṣìn tó ti kú ni wọ́n pè é fún un. Nígbà tí wọ́n wọlé padà sílé-ìwé, Sìdí kò wọlé. Àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin kan mú un lọ sí Ìbàdàn láti máa bá a ta abọ́ lọ́jà. Ìyá rẹ̀ ń pa èkùrọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, àánú wọn ṣe mí, mo ní kí Ọlọ́run dáhùn ọ̀rọ̀ wọn. Mo tilẹ̀ fi wọ́n sínú àdúrà mi ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó lé díẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà, télọ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Sọ́ńdè ní kí n wá wo máṣìn rẹ̀ kan ní Ajibode. Mẹ́ta ló wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ lórí ọ̀kan, ojú mi lọ sí ara pákó èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì rí orúkọ tí wọ́n fi ọ̀bẹ kọ, Àlàbí. Máṣìn náà ń rán ṣòkòtò akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ lójú mi, òwú rẹ̀ gún régé lókè nílẹ̀.

Mo béèrè ibi tó ti rí i. Ó ní ọwọ́ ẹni tó ń ta àlòkù ni, pé òwú ló ń já nígbà tí òun rà á, ó sì ya òun lẹ́nu pé wọ́n fẹ́ ta á bí irin àlòpatì. Ó ní òun fi ìka wá ihò tí abẹ́rẹ́ ń wọ̀, nǹkan há òun níka. Abẹ́rẹ́ kan ti ṣẹ́ mọ́ ibẹ̀ nígbà kan rí, ó sì ti gbé ẹnu irin náà sókè. Ó ká ṣáńdípépà tó kúnná bí igi ìgbálẹ̀, ó fi rin ihò náà títí ó fi dán.

Mo ní, "Báwo ló ṣe pẹ́ tó?"

Ó ní, "Ìyá, kò tó kí omi hó."

Mo fi ìka mi wá ẹnu ihò náà. Ó ń yọ̀ bíi dígí. Mo jókòó sórí àpótí mi. Sọ́ńdè rò pé ara mi kò yá, ó lọ bu omi wá fún mi. Nígbà tí mo mu ún tán, mo bẹ̀ ẹ́ kó ta máṣìn náà fún mi. Ó ní kí n má bínú, òun ni òun fi ń jẹun. N kò lè sọ ìdí tí mo fi ń tọrọ rẹ̀ fún un.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, n kò yà sí apá Akanran. Mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ ti kọjá, pé kò sẹ́ni tó mọ̀. Oúnjẹ kò lọ lẹ́nu mi. Ìyá ọkọ mi ló bi mí títí tí mo fi jẹ́wọ́. Ìyá náà kò bá mi sunkún, wọn kò sì bú mi. Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tó gbé ọ dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kìíní ni yóò tún gbé ọ lọ."

Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ fi máṣìn tó rà fún mi tọrẹ. Ó wojú mi títí, ó ní iṣẹ́ mi ni, èmi ni mo mọ̀ ọ́n. A gbé e sínú ọkọ̀, mo sì kó ara mi lọ.

Ìdí èkùrọ́ ni mo bá Ìyá Sìdí, òkúta kan níwájú, òkúta kan lọ́wọ́, ó fi àkísà di àtàǹpàkò òsì. Mo kúnlẹ̀ sórí èèpo èkùrọ́. Mo sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: fèrè awakọ̀, ẹ̀gbọ̀n òwú tó wà nínú àpótí mi, ihò irin, Sọ́ńdè. Ó ń pa èkùrọ́ rẹ̀ lọ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí Sọ́ńdè ti sọ pé kò tó kí omi hó, ó gbé òkúta sílẹ̀.

Ó ní, "Mo bi ọ́. Mo ní ṣé ó dá ọ lójú."

Mo ní, "Ẹ bi mí, ìyá mi."

Àwọn adìyẹ wá ń ṣa èérún èkùrọ́ láàárín wa, kò lé wọn. Mo sọ fún un pé máṣìn kan wà nínú ọkọ̀ lójú títì, tirẹ̀ ni. Ó ní òun yóò gbà á, torí pé ọwọ́ òun ń dun òun, ṣùgbọ́n òun kò lè purọ́ fún mi pé kò burú. Ó ní máṣìn lè wọlé padà, ṣùgbọ́n ọdún tí ọmọ òun ti lò nídìí abọ́, ta ni yóò gbé ìyẹn wá nínú ọkọ̀? Mo bá wọn gbé máṣìn wọlé, mo wò ó fínnífínní, mo fi òwú sí i, mo sì kọrí sílé.

Mo ti múra sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà á tàn kálẹ̀, pé wọn kò ní pè mí mọ́ ní gbogbo agbègbè Akanran. Ohun tó tọ́ sí mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n ń pè mí. Kò sẹ́ni tó wò mí tìka-tẹ̀gbin. Ó tó ọdún méjì tí mo fi rò pé bóyá ọ̀rọ̀ ti tán nínú ìyá náà.

Nígbà tó yá, ó ránṣẹ́ pè mí pé òwú tún ń já. Mo lọ síbẹ̀. Mo jókòó, n kò wo ojú ọjọ́. Mo tọ òwú lẹ́yìn láti òkè dé ilẹ̀. Irin mọ́ tónítóní. Òwú gan-an ló ti gbó. Mo pààrọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ parí. Ìyá náà bu gààrí fún mi, ó sì jókòó tì mí. Ibẹ̀ ló ti sọ fún mi pé Iléyá kẹta rèé tí Sìdí kò wá sílé. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà lọ́jà pé ìyá rẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ ta máṣìn láti lè bọ́ lọ́wọ́ ìnáwó ilé-ìwé ni, pé ó fẹ́ kí ọmọ obìnrin tètè máa ta nǹkan. Ọmọ náà sì gbà á gbọ́. Ó ti ránṣẹ́ pé kí ìyá òun má wá wo òun mọ́.

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ òótọ́ fún un.

Ó ní, "Bí mo bá sọ ọ́ fún ọmọ, ọjà á gbọ́. Ta ni yóò tún gbé máṣìn fún ọ? Ìwọ náà ní ọmọ tó ń jẹun."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti gbọ́ èébú rí nídìí iṣẹ́ yìí, mo ti gbọ́ ìyìn. N kò gbọ́ ohun tó wọ̀ mí lára tó ọ̀rọ̀ yẹn. Obìnrin tí mo ba ayé rẹ̀ jẹ́ ló ń fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìbòrí fún mi.

Mo béèrè ọjà náà, mo sì lọ sí Ìbàdàn lọ́jọ́ kejì. Sìdí ti di ọmọge, ó ń to abọ́ tánńganran sórí ara wọn. Ó rántí mi, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, pé èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Kò dá iṣẹ́ dúró. Ó ń to abọ́ lọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń pa èkùrọ́ lọ nígbà náà. Nígbà tí mo parí, ó béèrè ìdí tí mo fi wá sọ fún òun lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí. Mo ní torí pé ìyá rẹ̀ kò ní sọ ọ́ láéláé.

Ó wá ní, "Ṣé lóòótọ́ ló wà lọ́kàn wọn pé kí n ṣe ìdánwò yẹn?"

Mo sọ ohun tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni fún un, torí pé n kò kà á sí lọ́jọ́ náà. Nínú gbogbo aṣọ ọdún tó kún ilé, kò sí ọ̀kankan nínú wọn lábẹ́ abẹ́rẹ́ nígbà tí mo dé. Aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run ló wà níbẹ̀, aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀. Èyí ni ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ gbé ka máṣìn, kí ti àwọn oníbàárà tó kàn. Èyí ni òwú ń já lára rẹ̀.

Sìdí rọra gbé abọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi gèlè rẹ̀ bojú.

Kò padà sílé-ìwé. Mi ò ní parọ́ fún yín, ọjọ́ ti lọ. Ó tẹra mọ́ ọjà abọ́, ó sì ṣe dáadáa nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́ kó tó di pé mo dé ilé wọn nìyẹn. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ náà fúnra mi fún àwọn oníbàárà mi ní Akanran, kí ìyá náà má baà máa gbé ẹrù mi kiri. Àwọn kan fi mí sílẹ̀, wọn kò padà. N kò bá wọn jà.

Ní Iléyá tó tẹ̀ lé e, iṣẹ́ gbé mi kọjá lábúlé náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì ọdún. Ilẹ̀kùn Ìyá Sìdí ṣí sílẹ̀. Láti ìta, mo rí Sìdí tó dúró láàárín ilé, ó nawọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú téèpù ìwọnṣọ. Ìyá náà na téèpù láti èjìká kan dé èkejì, ó wò ó, ó tún un wọ̀n.

Ó ní, "Èjìká rẹ ti fẹ̀."

Sìdí ní, "Ó ti pẹ́ tí ẹ ti wọ̀n mí, ìyá mi."

Wọn kò rí mi. Mo gbé àpótí mi sí apá kejì, mo sì rọra bá ọ̀nà mi lọ.